Láptọ́ọ̀pù òkìrìká méjì, háàdì méjì, àti fláàṣì kan tí mo fọwọ́ ara mi pa

Àǹtí mi ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Tíṣà Yorùbá ni wọ́n ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá mi sọ ọ́ pé orí fóònù làwọn ti ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, ojú ń ro àwọn, àmì ohùn ò sì ń jókòó bó ṣe yẹ. Àbúrò mi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ pólì, òun náà ń wá nǹkan tó máa fi ṣe àsáínmẹ́ǹtì. Nígbà tí mo lọ sí Èkó, mo yà sí Computer Village ní Ìkẹjà, mo ra méjì, òkìrìká ni méjèèjì o, èyí tí wọ́n ń pè ní UK used: HP EliteBook 840 G3 kan àti Lenovo ThinkPad T480 kan. Kí n tó sanwó mo tan méjèèjì, mo tẹ kíbọọ̀dù wọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, mo wọ BIOS wọn (ètò inú bọ́ọ̀dù tó máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí Windows tó ṣí) lọ wò bóyá páásíwọọ̀dù wà níbẹ̀ (ẹ má fojú di ìyẹn o, láptọ́ọ̀pù tó bá ní páásíwọọ̀dù BIOS tí ẹni tó tà á fún yín ò mọ̀, pákó lẹ rà). Ọkùnrin tó tà á ní, "Mo ti fọ́máàtì ẹ̀ fún yín, ọ̀gá mi, ó mọ́ tónítóní." Mo dúpẹ́, mo gbé e.

Mo dé Ìbàdàn, mo pe àǹtí pé ẹ̀rọ yín ti dé. Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn: "Ṣé o ti fọ̀ ọ́?" Mo ní fọ kí ni, Àǹtí? Wọ́n ní, "Ṣebí òkìrìká lo pè é. Ṣé o lè ra ṣẹ́ẹ̀tì òkìrìká kí o kàn kó o sọ́rùn láì fi í sómi?"

Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n wọn ò parọ́.

Fúráídè, alẹ́

HP ni mo kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì. Inú ẹ̀, háàdì 500GB oníyẹ̀yẹ́ àtijọ́ tó ń yí, kì í ṣe SSD tí kò ní ohun tó ń yí nínú. Mo ki fláàṣì tí mo ti gbé Linux Mint (ètò tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe) sí bọ̀ ọ́, mo tẹ F9 nígbà tó ń tan kó lè gba orí fláàṣì wọlé, mo ṣí téminà, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, mo tẹ lsblk kí n mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀: sda 465.8G, ìyẹn háàdì, sdb 14.5G, ìyẹn fláàṣì. (500GB tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ló di 465.8 yẹn, ọ̀nà ìkà ló yàtọ̀, kò sẹ́ni tó jà yín lólè.) Lẹ́yìn náà smartctl, kí n mọ bí ara ẹ̀ ṣe rí. Power_On_Hours 14212. Ẹ pín in sí 24, ọjọ́ 592 ló ti fi yí láìdúró látìgbà tí wọ́n ti bí i. Reallocated sectors, òdo. Òdo yẹn ṣe pàtàkì fún ohun tí mo fẹ́ ṣe, torí pé tí ibì kan bá ti bàjẹ́ lára háàdì, háàdì fúnra ẹ̀ á ti ibẹ̀ pa, á fi ibòmíràn rọ́pò ẹ̀, ohun tó bá wà níbi tó tì pa yẹn, omi ìfọ̀ wa ò ní dé ibẹ̀.

Mo wá ní kí n dán ọ̀rọ̀ "mo ti fọ́máàtì ẹ̀" wò. Mo gbé PhotoRec, ètò tó ń wá fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́ jáde, lé e lórí, mo ní kó kó ohun tó bá rí sínú háàdì tèmi tó wà níta. Mo lọ bu ẹ̀bà. Nígbà tí mo fi máa padà, fọ́tò tó ti kó jáde lé ní 1,900, kò sì tíì dé ìdajì. Mo ṣí èyí àkọ́kọ́: ọmọ òyìnbó kékeré kan, kéèkì níwájú ẹ̀, àbẹ́là mẹ́rin, ó ti wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti fẹ́ ẹ pa. Mo ṣí fáìlì PDF kan, ìwé owó oṣù ẹnì kan ni, orúkọ, àdírẹ́sì ilé, nọ́ńbà báńkì, gbogbo ẹ̀ pé. Ara bù mí máṣọ. Mo pa á dé, mo dá PhotoRec dúró, mo nu gbogbo ohun tó ti kó jáde. Ẹni yìí ò mọ̀ mí rí, èmi náà ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tí ọmọ ẹ̀ pé ọdún mẹ́rin.

Ọkùnrin tó tà á fún mi ò purọ́ o, ó fọ́máàtì ẹ̀ lóòótọ́. Fọ́máàtì oníkíákíá ló ṣe, èyí tí kì í tó ìṣẹ́jú kan. Ó dà bí ìgbà tí tíṣà bá ya rẹ́jísítà kíláàsì dànù: orúkọ ò sí mọ́, àmọ́ gbogbo ọmọ ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, àfi ìgbà tí ọmọ tuntun bá dé tó jókòó sí àyè ẹnì kan ni ti àtijọ́ tó máa dìde. PhotoRec kì í bèèrè rẹ́jísítà rárá, bẹ́ǹṣì sí bẹ́ǹṣì ló ń rìn, ó ń wo ojú. Tí ẹ bá yọ àmì Quick kúrò kí ẹ tó fọ́máàtì nínú Windows, láti ayé Vista ló ti ń kọ òdo sí gbogbo orí háàdì, ìyẹn yàtọ̀. Nínú diskpart náà, irinṣẹ́ Windows fún háàdì, clean lásán, rẹ́jísítà ló ń ya, clean all ló ń lé ọmọ jáde. Ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kọjá fọ́tò ọmọdé. Ní 2009 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn kan láti Kánádà lọ ra háàdì àlòkù ní Ghana, àfi bí wọ́n ṣe bá ìwé àdéhùn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà ogun fún ìjọba Amẹ́ríkà nínú ọ̀kan.

Sátidé

Ìfọ̀ dé. Ohun tí mo lò ò ṣòro, ó wà nínú Mint tẹ́lẹ̀:

sudo dd if=/dev/zero of=/dev/sda bs=4M status=progress

Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé bu òdo, dà á sórí sda láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o sì máa sọ fún mi ibi tí o dé. Mo kọ ọ́ sórí bébà kí n má baà ṣì í tẹ̀. Ẹ rántí bébà yìí.

Àwọn kan á ní ẹ̀ẹ̀méje ni kí ẹ fọ̀ ọ́, àwọn mìíràn á ní ẹ̀ẹ̀márùndínlógójì. 35 yẹn, ọ̀dọ̀ Peter Gutmann, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, ló ti wá, ìwé tó kọ ní 1996, ó to oríṣiríṣi ìfọ̀ jọ fún oríṣiríṣi háàdì ayé ìgbà yẹn, òun fúnra ẹ̀ sì padà wá sọ pé kò sí háàdì kankan tó nílò gbogbo ẹ̀ pọ̀. Àjọ NIST ti Amẹ́ríkà, nínú ìwé ìlànà wọn SP 800-88 tí wọ́n tún ṣe ní 2014, sọ pé fún háàdì onímágínẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá fi òdo bò ó, ó ti tó láti dí ẹni tó ní lábárétìrì pàápàá lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣe. Ẹni tó bá ní iná tó máa fi ṣe márùndínlógójì, kó ṣe é.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 108 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, inú mi dùn. Ó tó wákàtí kan, ó ti já sí 80. Ẹ má bẹ̀rù tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, etí àwo ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tó ń bọ̀ wá sí àárín, etí gùn ju àárín lọ, bí àwo bá sì yí ẹ̀ẹ̀kan, ohun tó kọjá lábẹ́ orí ìkọ̀wé ní etí pọ̀ ju ti àárín lọ.

Ó dé 305GB, wọ́n mú iná lọ.

Báàtìrì HP yìí, òkú ni, ó ń gbé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ínfátà ilé wa ò gbé ju gílóòbù àti fáànù. Ojú mi báyìí, mo ń wo síkírìnì tó ṣú. Mo bá tú síkúrù ẹ̀yìn, mo yọ háàdì, mo wá okùn tó ń sọ háàdì di USB, mo so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù tèmi tí báàtìrì ẹ̀ ṣì dáa, tó jẹ́ pé Linux lòun náà ń lò. Mo gbé bébà mi, mo da ohun tó wà níbẹ̀ kọ gẹ́lẹ́, mo tẹ Enter.

Nọ́ńbà fò dé 1.4GB láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó wá dúró gbagidi. Mo ń wò ó pé kí ló dé, háàdì yìí ti kú ni? Àfi bí mo ṣe rí iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú légbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù. Iná fláàṣì. Fláàṣì Windows 11 tí mo ti múra ẹ̀ sílẹ̀ lánàá, tí mo ki bọ̀ ọ́ láàárọ̀ pé kí n má baà gbàgbé ẹ̀. Ní orí láptọ́ọ̀pù tèmi, NVMe (irú SSD kan) ni háàdì inú, nvme0n1 lorúkọ ẹ̀, kò sí sda kankan tẹ́lẹ̀, fláàṣì tó kọ́kọ́ wọlé ló gba sda, háàdì tó wọlé lẹ́yìn ẹ̀ gba sdb. Bébà mi ò mọ ìyẹn. Ctrl+C, Ctrl+C, Ctrl+C. Ó ti bọ́. (1.4GB tó kọ́kọ́ fò yẹn, inú mẹ́mọ́rì ló kó o sí, kò tíì dé fláàṣì, òun ló fi sáré bẹ́ẹ̀ kó tó wá há.)

Mo dúpẹ́ pé fláàṣì ni. Háàdì tí mo ń kó fọ́tò ìgbéyàwó wa sí, inú báàgì ló wà, ẹsẹ̀ bàtà méjì sí okùn yẹn. Ṣùgbọ́n dátà tí mo fi gba Windows yẹn wálẹ̀ lé ní 5GB, dátà òru ni, mo jí ní aago kan òru torí ẹ̀. Ìyàwó mi ní kí ni mò ń sọ lábẹ́ ẹnu, mo ní kò sí nǹkan.

Látìgbà yẹn mi ò lo sda, sdb mọ́. Ẹ tẹ ls -l /dev/disk/by-id/, orúkọ gígùn tẹ́ẹ máa rí níbẹ̀ ní irú háàdì náà àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀, ẹ fi wé bébà tó lẹ̀ mọ́ ara háàdì lójúkoojú, òun lẹ máa kọ tẹ̀ lé of=. Ó gùn, ó ń sú èèyàn, àmọ́ kò lè ṣì yín mú. Ẹ sì yọ gbogbo ohun mìíràn tó bá wà lára ẹ̀rọ kúrò, gbogbo ẹ̀ ni mo wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìfọ̀ látorí. Ó parí ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Mo ní kí hexdump -C ka gbogbo háàdì náà padà fún mi, ìyẹn náà gbà tó wákàtí kan àtààbọ̀, nígbà tó parí, ohun tó kọ ò ju ìlà mẹ́ta lọ:

00000000  00 00 00 00 00 00 00 00  00 00 00 00 00 00 00 00  |................|
*
7470c06000

Ìràwọ̀ àárín yẹn ló ń sọ pé bákan náà ni gbogbo ẹ̀ rí títí dé ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà ìgbẹ̀yìn yẹn, tí ẹ bá yí i padà sí òǹkà wa, 500107862016 ni, ìyẹn báìtì tó wà lórí háàdì 500GB láìku ẹyọ kan. Ọmọ tó ń fẹ́ àbẹ́là ti lọ sílé.

Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì

T480. Èyí, NVMe 256GB ló wà nínú ẹ̀, ẹ má sì da òdo sórí SSD bíi ti háàdì kí ẹ rò pé ó ti mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé face-me-I-face-you ṣàlàyé. SSD ní kíátékà kan nínú tó ń bójú tó yàrá. Ẹ ní kó kun yàrá 5. Kíátékà ò fẹ́ kí ọ̀dà yàrá kan tètè ṣí ju ti èkejì lọ, torí náà á lọ kun yàrá mìíràn tó ṣófo, á yọ nọ́ńbà 5 lára ilẹ̀kùn ti tẹ́lẹ̀, á kàn án mọ́ ti tuntun, á ní ọ̀gá, mo ti kun yàrá 5. Ẹ wò ó, yàrá 5 mọ́ lóòótọ́. Yàrá àtijọ́ ńkọ́? Ó wà lẹ́yìnkùlé, kò ní nọ́ńbà mọ́, ẹrù ẹni àná ṣì wà níbẹ̀, kíátékà nìkan ló mọ ọ̀nà. Àwọn yàrá kan sì wà tí wọ́n kọ́ sílé yẹn tí wọn ò kà mọ́ iye tí wọ́n sọ fún yín rí, fún ìrọ̀rùn kíátékà ni.

Nítorí náà kíátékà gan-an lẹ máa pàṣẹ fún. Fún NVMe:

sudo nvme format /dev/nvme0n1 --ses=1

Èyí ń sọ fún un pé kó kó ẹrù gbogbo yàrá dànù, èyí tó ní nọ́ńbà àti èyí tí kò ní. Àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ fún mi. Àwọn BIOS kan máa ń ti ọ̀nà yẹn nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tan, wọn ò fẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì kan jí lọ́jọ́ kan kó fọ háàdì oníháàdì. Mo ní kí láptọ́ọ̀pù náà sùn, mo jí i, mo tún un tẹ̀, ó gbà. Kí n tó gbé ife omi dé ẹnu ó ti parí. Wákàtí méjì gbáko ní àná, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lónìí. SSD oní-SATA ní tiẹ̀, hdparm àti security-erase ló ń lò, òun náà lè sọ pé òun ti di yìnyín, frozen, oorun náà loògùn ẹ̀.

Mo gbé PhotoRec lé e kí n tó fọ̀ ọ́ o, kò rí nǹkan gidi, fáìlì Windows tí wọ́n gbé sí i lọ́jà ló pọ̀ níbẹ̀. Windows máa ń fi àṣẹ TRIM (pé a ò nílò ẹrù yìí mọ́) ránṣẹ́ sí SSD nígbà tó bá ń fọ́máàtì ẹ̀, kíátékà sì ti ń kó ẹrù fúnra ẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ síbẹ̀. Àǹtí máa bi mí.

Gbígbé Windows àti Mint sí i

Ìdí tí T480 fi jẹ́ ti àǹtí, tí HP fi jẹ́ ti àbúrò: Windows 10, Microsoft ti jáwọ́ nínú ẹ̀ ní October 14, 2025, Windows 11 sì ń bèèrè TPM 2.0 (ohun ààbò kan nínú ẹ̀rọ) àti pùrósẹ́sọ̀ Intel ìran kẹjọ sókè. i5-8350U inú T480 wà nínú àwọn tí wọ́n gbà, i5-6300U inú HP, ìran kẹfà ni, wọn ò gbà á. Ọ̀nà ẹ̀bùrú wà tí wọ́n ń gbà fi í sí i tipátipá, mi ò fẹ́ ìyẹn fún ọmọ tó máa pè mí ní alẹ́ ọjọ́ ìdánwò.

Mo tún gba Windows wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì (òru lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ̀). Lọ́tẹ̀ yìí mo gbé Ventoy sórí fláàṣì, ìyẹn dùn, ẹ kàn ń da ISO (fáìlì tí ẹ gba Windows tàbí Mint wálẹ̀ sí) sínú ẹ̀ bí ẹni da orin sí fláàṣì ni, Windows àti Mint jókòó pọ̀, tí ẹ bá tan ẹ̀rọ á bi yín èwo lẹ fẹ́. F12 ni ti ThinkPad. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń yan háàdì, ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan péré: Unallocated space, 238.5GB. Mo yan òun, mo tẹ Next, Windows pín in fúnra ẹ̀. Níbi tó ti ń bèèrè nọ́ńbà láísẹ́ńsì, mo ní mi ò ní, torí inú bọ́ọ̀dù ẹ̀ ni láísẹ́ńsì Pro tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ wà, gbàrà tó rí íntánẹ́ẹ̀tì ó mọ ara ẹ̀. Ẹ tiraka kí ẹ yan irú èyí tó bá a wá, Pro fún Pro, Home fún Home.

Íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, okùn ni mo fi so fóònù mọ́ ọn. Gbàrà tí désíkítọ́ọ̀pù bá ti ṣí, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wọ sẹ́tìnì, ẹ tan metered connection, tó ń sọ fún Windows pé kó ṣọ́ dátà ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Windows á jẹ dátà yín tán kí ẹ tó mọ̀.

Ohun tí mò ń gbàdúrà kí n má rí nígbà tó ń ṣí lẹ́ẹ̀kínní ni ohun tí ọ̀rẹ́ mi rí lọ́dún tó lọ: ó fọ tiẹ̀, ó gbé Windows tuntun sí i, ó dé ibi Wi-Fi, ẹ̀rọ bá kí i káàbọ̀ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní kó fi ímeèlì iṣẹ́ wọlé. Autopilot nìyẹn, ara bọ́ọ̀dù ni ìdánimọ̀ ẹ̀ wà, lọ́dọ̀ Microsoft ló ti forúkọ sílẹ̀, ẹ fọ háàdì ẹ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà kò kàn án. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín nìkan ló lè yọ ọ́. Tèmi ò ṣe bẹ́ẹ̀, mo mí kanlẹ̀.

HP ò ní ìtàn púpọ̀. Mo ra SSD SATA 256GB kan ní Dùgbẹ̀, tuntun, mo fi rọ́pò háàdì, mo ní kí Mint 22 gba gbogbo ẹ̀. Kò tó ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n máa bójú tó o títí di 2029, àbúrò mi á ti parí HND nígbà yẹn, lágbára Ọlọ́run. Aago ẹ̀ nìkan ló ń padà sí 2016 nígbàkígbà tí mo bá yọ okùn, báàtìrì kékeré bíi kọ́ìnsì tó wà lórí bọ́ọ̀dù ló ti kú, mo pààrọ̀ ẹ̀, ó tán.

Kíbọọ̀dù Yorùbá wà nínú méjèèjì. Nínú Windows, ẹ fi Yorùbá kún àwọn èdè. Nínú Mint, ẹ wá Nigeria nínú àwọn kíbọọ̀dù, Hausa, Igbo àti Yorùbá wà lábẹ́ ẹ̀.

Mo gbé T480 lọ fún àǹtí ní Mọ́ńdè. Wọ́n ò bèèrè bó ṣe yára tó, wọ́n ò bèèrè iye tí mo rà á. Wọ́n ṣí Word, wọ́n tẹ igbá, wọ́n tẹ igba, wọ́n tẹ ìgbà, wọ́n wọ gíláàsì wọn, wọ́n wò ó dáadáa. "Àmì yìí jókòó o." Wọ́n wá gbójú sókè: "O fọ̀ ọ́?" Mo ní mo fọ̀ ọ́, Àǹtí. Mo sọ ti ọmọ tó ń fẹ́ àbẹ́là fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n jáde pẹ̀lú fóònù àtijọ́ méjì nínú náílọ́ọ̀nù, síkírìnì ọ̀kan ti fọ́. Wọ́n ní àwọn ti fẹ́ ta wọ́n fún ọmọ Háúsá tó ń ra ìdọ̀tí ẹ̀rọ kiri lánàá, àmọ́ kò bá àwọn nílé.

Ó wà lórí tábìlì mi báyìí. Ọ̀kan ò tan.